Òwú Pupa Lára Kábúrétọ̀

Púlọ́ọ̀gì kan wà lórí tábìlì iṣẹ́ Oyèbánjí nígbà tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe òun ni ó gbé e síbẹ̀. Ó mú un, ó wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ funfun bí egungun tí òjò ti fọ̀.

Ó mọ ohun tí ìyẹn ń wí. Ọpẹ́dayọ̀, ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ títún màṣíìnì ṣe kí ó tó kú, a máa sọ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé: "Púlọ́ọ̀gì dúdú, àjẹkì. Púlọ́ọ̀gì funfun, ebi. Èyí tí ó bá pọ́n bíi kọfí yíyan, àlàáfíà." Bí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú kábúrétọ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì a jẹ àjẹkì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju epo lọ, ebi a máa pa iná náà. Iná tí ebi bá sì ń pa, irin ni yóò jẹ.

Oyèbánjí ju púlọ́ọ̀gì náà sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òmíràn wà lórí tábìlì. Àgádágodo ilẹ̀kùn wà ní títì bí ó ti fi í sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní etí títì tí ó jáde láti Kábà lọ sí Ògìdì. Gbogbo ẹni tí ń gun màṣíìnì ní agbègbè náà mọ̀ pé etí ni Oyèbánjí fi ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé màṣíìnì dé, kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. A ní kí wọ́n tan iná rẹ̀, a fara ti òpó, a dijú. Lẹ́yìn náà ni yóò mú sùkúrùdíráfà kékeré tí ọ̀gá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, yóò yí súkúrù ara kábúrétọ̀ síwájú díẹ̀, yóò dá a padà díẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì yóò sì balẹ̀. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é tán kí òun fúnra rẹ̀ tó rò ó.

Ní òdìkejì títì, ní ìdojúkọ rẹ̀ gan-an, ni ṣọ́ọ̀bù James wà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. James ni ó kọ́kọ́ débẹ̀. James ni ó dúró ti ọ̀gá nígbà àìsàn, òun ni ó ń gbé e jáde kí ó lè yá oòrùn. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀gá na sùkúrùdíráfà náà jáde lórí ibùsùn, Oyèbánjí ni ó nà án sí.

Ọ̀sẹ̀ tí púlọ́ọ̀gì funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ náà ni àwọn màṣíìnì tí Oyèbánjí tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń kú sí: ẹsẹ̀ afárá, kí a tó gun òkè Ògìdì. Wọn a wúkọ́, wọn a dákẹ́. Àwọn tí ó ni wọ́n a tì wọ́n padà wá. Oyèbánjí a yọ púlọ́ọ̀gì wọn. Funfun ni gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó ń nu òógùn ojú, "ṣé òwú ni ẹ fi di etí ni?"

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Oyèbánjí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Ó gbójú sókè. James ń wò ó láti òdìkejì títì. James nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

*

Kí púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ tó hàn, James ti lọ sí Ògìdì.

Ọ̀sán gangan ni ó lọ, nítorí ọ̀sán gangan nìkan ni Fẹ̀hìntọlá ń gba àlejò tí kò wá ra iyọ̀. Iyọ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ obìnrin náà. Ó ń tà á lábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú ilé rẹ̀, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí gbogbo ènìyàn. Kò sí ohun kan lára ògiri yàrá tí ó mú James wọ̀. Àpótí kan ni ó wà níbẹ̀, àti aṣọ pupa kan tí a ká lé e lórí. James mọ aṣọ náà. Aṣọ ìpò ni, èyí tí àwọn obìnrin Bùnù máa ń hun, tí a fi ń sin àwọn àgbà ọlọ́lá. A kì í bá a ní gbangba nílé tí kò sí òkú nílẹ̀.

"Okun o, Ìyá," ni James fi kí i.

"Okun. Ta ni o torí rẹ̀ wá?"

James kò retí pé ìbéèrè náà yóò yá bẹ́ẹ̀. "Oyèbánjí ni. Mẹkáníìkì ni. A jọ kọ́ṣẹ́ ni."

"Ṣé kí ó kú?"

"Rárá o! Ẹ má rí mi bẹ́ẹ̀, Ìyá. Inú àwo kan náà ni a ti jẹun."

"Inú àwo kan náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni o fẹ́, nígbà náà?"

James wo ilẹ̀. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà bọ̀ lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ó wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Etí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Kí wọ́n pínyà. N kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí etí máa gbọ́, kí ọwọ́ má lè ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyẹn le ju ikú lọ," ni Fẹ̀hìntọlá wí. Ó fi èékánná họ etí aṣọ pupa náà títí fọ́nrán òwú kan fi yọrí. "Ó ní àbúrò?"

"Ọ̀kan ṣoṣo. Pẹ̀lúmi. Ìhín yìí ni ó ti ń ṣe tíṣà."

"Ohun tí ó bá bẹ̀ ọ́ fún, ṣe é fún un. Máa lọ."

James dúró. "Ẹ kò ní fún mi ní nǹkan tí n ó rì mọ́ ilẹ̀?"

"Ṣé èbù iṣu ni? Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá gbà á lọ́wọ́ mi."

*

Oyèbánjí gbọ́ màṣíìnì àbúrò rẹ̀ kí ó tó rí i. Ohùn náà ń bú bọ̀ láti ọ̀nà ọjà, àwọn ewúrẹ́ sì ń sá kúrò lójú títì.

"Brọ̀dá mi, okun o!" Pẹ̀lúmi dúró, ó tún fún un ní iná lẹ́ẹ̀kan sí i kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Ẹ gbọ́ ohùn ọkùnrin!"

"Mo ti gbọ́ ọ tipẹ́. Àwọn òkú itẹ́ náà gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n kí ọ. Ta ni ó fi sàlẹ́ńsà yìí sí i?"

Pẹ̀lúmi pa iná màṣíìnì. Ó nu àwọn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò tíṣà rẹ̀. "Brọ̀dá James ni. Mo ní kí wọ́n bá mi wá a ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sì wá a."

"James."

"Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ì bá ti kọ̀ ọ́ fún mi."

"Ti àtijọ́ dà?"

"Wọ́n ti gé etí rẹ̀, irin tí ó fi ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Òun ni wọ́n jó mọ́ tuntun kí ó lè bá ẹ́ńjìnnì mu."

Oyèbánjí bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, òun ni bàbá, òun ni ìyá. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni Pẹ̀lúmi ti kọ́ ABD, lórí ẹ̀yìn táyà. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ṣẹ́kù fún un nínú ẹbí.

"Brọ̀dá James ní ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè tọ́ ọ," ni Pẹ̀lúmi wí. "Wọ́n ní kò sí irú etí yín ní Kábà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Oyèbánjí, adùn náà sì bà á lẹ́rù.

"Tan án."

Ó dijú. Kò ṣòro láti gbọ́. Sàlẹ́ńsà tuntun kì í dá èéfín dúró bíi ti àtijọ́. Bí èéfín ti ń jáde kíákíá ni ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ sí i, epo sì wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Pẹ̀lúmi dẹwọ́ iná, sàlẹ́ńsà náà tutọ́: pá, pá. Ebi. Oyèbánjí tú kábúrétọ̀ sílẹ̀. Ó yọ jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà wọlé, ó fi èyí tí ihò rẹ̀ tóbi jù ú lọ rọ́pò. Ó gbé abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sókè díẹ̀. Ó dè é padà, ó yí súkúrù títí ohùn náà fi kún dáadáa.

"Gbé e gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Bí o bá dé òkè, pa á lórí eré, má jẹ́ kí ó mí. Kí o wá jẹ́ kí ó yí bọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

Pẹ̀lúmi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Ó pọ́n bíi kọfí yíyan.

"Dókítà!" Pẹ̀lúmi dì mọ́ ọn pẹ̀lú gírísì ara rẹ̀. "Ẹ wo ojú yín ná! Ẹ jọ ìyàwó tí ó jèrè ọmọ."

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Oyèbánjí gbọ́ màṣíìnì Pẹ̀lúmi láti ẹsẹ̀ afárá. Pá, pá, pá.

Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ funfun.

Ó tọ́ ọ. Ó pọ́n. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, ó funfun. Ó di ojú ibi tí wọ́n ti jó sàlẹ́ńsà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò, kò rí nǹkan kan. Ó fi jẹ́ẹ̀tì tí ó tún tóbi jùyẹn sí i. Ó yẹ kí púlọ́ọ̀gì náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó funfun. Oyèbánjí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ro etí rẹ̀. Ó ń tún iṣẹ́ tí ó ti parí ṣe. Bí ó bá gbọ́ ohùn kan, a bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohùn náà wà.

"Púlọ́ọ̀gì, púlọ́ọ̀gì," ni Tabitha, ìyàwó rẹ̀, wí nídìí oúnjẹ. "Ṣé mẹkáníìkì ni mo fẹ́ ni, àbí púlọ́ọ̀gì?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: èyí tí ń yọ lórí tábìlì, àwọn tí ń kú lẹ́sẹ̀ afárá, sàlẹ́ńsà James. Tabitha gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Obìnrin kan wà ní Ògìdì tí ń ta iyọ̀," ni ó wí.

"Ìwọ, Tabitha? Ìwọ tí o wà nínú ẹgbẹ́ akọrin?"

"Ẹnu tí mo fi ń kọrin náà ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀. Pẹ̀lúmi ni ó ń gun nǹkan yẹn."

*

Oyèbánjí àti Pẹ̀lúmi dé abẹ́ igi dóńgóyárò ní ọ̀sán gangan. Fẹ̀hìntọlá ń fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lójú iyọ̀. Kò gbójú sókè.

"Àwọ̀ wo ni?" ni ó béèrè.

Oyèbánjí wò ó. Kò tíì sọ ohun tí ó bá wá. "Funfun ni, Ìyá."

"Wọlé. Kí àbúrò rẹ dúró ti màṣíìnì rẹ̀."

Nínú yàrá, ó rí àpótí, ó rí aṣọ pupa. Etí aṣọ náà ti tú díẹ̀. Fọ́nrán òwú kan yọrí níbẹ̀, bí ẹni pé a ti mú un sílẹ̀ de ẹnìkan. Obìnrin náà fà á jáde, ó fi eyín gé e.

"Aṣọ ìpò kọ́ nìyẹn?" ni Oyèbánjí wí.

"Òwú ni."

"Àgbà ni a fi í sin, Ìyá. Ọmọdé ni àbúrò mi."

"Mo ní òwú ni."

Wọ́n jáde. Fẹ̀hìntọlá ní kí Pẹ̀lúmi tan iná. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, bí ó ti gbóná tó, ó ń fi òwú náà yí orí súkúrù kábúrétọ̀ ká, ó ń sọ̀rọ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Sàlẹ́ńsà ń tutọ́. Etí Oyèbánjí ń ta á.

"Ìyá, ebi ń pa á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ kí ẹ tó dè é."

"O ti ń tọ́ ọ bọ̀. Kí ni ó ṣe?"

Oyèbánjí ki ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò.

"Ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kàn án mọ́," ni obìnrin náà wí, ó sì so kókó. "Súkúrù rẹ̀, ihò rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ké, jẹ́ kí ó ké. Kí àbúrò rẹ sì máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣe. Ohun tí ń tẹ̀ lé e, bí ó bá dúró ni yóò bá a. Ní ọjọ́ tí òwú yìí bá já fúnra rẹ̀, ọ̀ràn náà ti tán. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá já a, orí ẹni tí ń gùn ún ni yóò dà lé."

Ó bu iyọ̀ sí ọwọ́ àwọn méjèèjì. Pẹ̀lúmi lá tirẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣeun o," ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó kù díẹ̀ kí ó dùn. Ẹ bá mi fi ata sí i."

Fẹ̀hìntọlá wò ó pẹ́. Òun nìkan ni ó wò nínú àwọn méjèèjì.

*

Oògùn náà jẹ́. Láti ọjọ́ náà, púlọ́ọ̀gì kankan kò yọ lórí tábìlì mọ́. Màṣíìnì kan kò kú lẹ́sẹ̀ afárá mọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń fi Oyèbánjí ṣẹ̀sín padà wá bá a.

Èyí ni ó sì mú kí ó gba òwú náà gbọ́.

Ní àràárọ̀ ni Pẹ̀lúmi ń kọjá, ní àràárọ̀ ni Oyèbánjí ń bẹ̀rẹ̀ wo òwú náà. Ooru ẹ́ńjìnnì kò jó o. Epo kò sọ ọ́ di dúdú. Ó pupa bí ọjọ́ tí a so ó. Ọrùn sàlẹ́ńsà ni ó ń yí àwọ̀ padà: ó pọ́n, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ aró. Iná inú rẹ̀ kò rí epo jẹ mọ́. Oyèbánjí ń gbọ́ ohun tí ó ń jẹ.

Ó ń gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ń lọ, ó ń gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ó ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí Tabitha ń kọrin. Bí ó bá jókòó, ìka àti àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a máa yí ohun tí kò sí níbẹ̀, síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀.

*

Pẹ̀lúmi ni ó fi òwú náà han James. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti kí i, ó sì tọ́ka sí i pẹ̀lú yẹ̀yẹ́: "Brọ̀dá James, ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n so sí ìdí ìyàwó mi."

James bẹ̀rẹ̀. Ó rí àwọ̀ náà. Nígbà tí ó nàró, òógùn ti bò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó wà lábẹ́ igi dóńgóyárò.

"Ìyá, mo ní n kò fẹ́ ikú."

"Ṣé ẹnìkan kú?"

"Màṣíìnì yẹn yóò jó písítìnì rẹ̀. Yóò dì mọ́ra lórí eré. N kò ní etí Oyèbánjí, ṣùgbọ́n èyí, adití pàápàá gbọ́ ọ. Ẹ yọ ọ́!"

Fẹ̀hìntọlá bu iyọ̀ fún oníbàárà kan, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó dúró títí ó fi lọ. "Ọwọ́ tí a so ó fún nìkan ni ó lè tú u. Lọ sọ fún un."

"Kò ní gbà mí gbọ́."

"Mo mọ̀," ni obìnrin náà wí.

*

Láti ìgbà ìsìnkú ọ̀gá wọn, James kò tíì kọjá títì náà sí ìhà ọ̀dọ̀ Oyèbánjí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọjá.

"Okun, Oyè."

"Okun." Ìkíni ni, a kì í dá a padà sí ẹni tí ó kí ni lẹ́nu.

"Gé òwú yẹn."

Oyèbánjí gbé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Òwú wo?"

"Oyè, má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo lọ síbẹ̀ ṣáájú rẹ. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ọwọ́ rẹ má lè ṣe ohun tí etí rẹ gbọ́. Wò ó, ohun tí ó ṣe fún ọ gan-an nìyẹn! Kò sí oògùn mìíràn níbẹ̀."

"Kí ni o fi sínú sàlẹ́ńsà?"

"N kò fi nǹkan kan sí i. Mo fi ọ̀gá wa búra."

"Àwọn púlọ́ọ̀gì funfun ńkọ́?"

"Púlọ́ọ̀gì wo?"

Oyèbánjí wò ó. Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ohun tí James ń wí ni etí òun fúnra rẹ̀ ti ń wí láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wí i? Bí oògùn bá ń dààmú ọ̀tá, ọ̀tá kò ha ní wá bẹ̀bẹ̀ kí a já a?

Ariwo náà dé. Pẹ̀lúmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò pa iná.

"Háà! Ẹ̀yin méjèèjì lójú kan náà? Ayé ti fẹ́ parí!"

Oyèbánjí kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà. Lábẹ́ ohùn sàlẹ́ńsà, ó gbọ́ ohùn mìíràn, tín-ín-rín, bí ẹni tí ń fi abẹ́rẹ́ kan àwo. Irin ti fẹ́ mú irin. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò kí ó tó mọ̀. Sùkúrùdíráfà ọ̀gá rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu irin náà ti wọ ojú súkúrù, ó ti tẹ òwú pupa náà mọ́lẹ̀. Ó kù kí ó yí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni James wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Oyè, ṣe é."

Oyèbánjí gbójú sókè. Ayọ̀ wà lójú James. Ó ti pẹ́ tí ó ti rí ayọ̀ lójú ọkùnrin náà, ó sì rántí ọjọ́ tí ó rí i kẹ́yìn: ọjọ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ìkùnà òun rẹ́rìn-ín níwájú ọ̀gá.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Oyè!"

"Brọ̀dá, ẹ ti tọ́ ọ tán?" ni Pẹ̀lúmi béèrè.

"Máa lọ," ni Oyèbánjí wí. "Àwọn ọmọ ń dúró dè ọ́."

James di ọwọ́ màṣíìnì náà mú. Pẹ̀lúmi rẹ́rìn-ín, ó yọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Brọ̀dá James, mo ti pẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò kọ mí sínú ìwé. Okun o!"

Ó lọ.

Oyèbánjí fara ti òpó, ó dijú. Ó gbọ́ ọ títí dé afárá. Ó gbọ́ ọ nígbà tí ó kọjá rẹ̀. Níbẹ̀ ni Pẹ̀lúmi máa ń ki eré mọ́lẹ̀ kí ó lè rí agbára gun òkè. Ohùn náà ròkè, ó ròkè sí i, ohùn tín-ín-rín náà sì ròkè pẹ̀lú rẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi di ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ó gé.

Ohùn màṣíìnì tí a pa máa ń lọ sílẹ̀. Èyí tí epo tán nínú rẹ̀ a wúkọ́. Èyí kò lọ sílẹ̀, kò wúkọ́. James ni ó sáré. Oyèbánjí dúró ti òpó, nítorí pé ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

*

Aṣọ funfun ni wọ́n fi sin Pẹ̀lúmi. Aṣọ ìpò kò tọ́ sí ẹni tí kò tíì bímọ.

Àwọn ọlọ́kọ̀ gbé màṣíìnì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Písítìnì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Òwú pupa náà ti já fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ti wí. Orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ bí ẹni pé a fi abẹ gé e. Oyèbánjí ní kí oníwẹ́dà la sàlẹ́ńsà náà láti orí dé ìdí. Irin ni ó wà nínú rẹ̀, àti èédú èéfín. Kò sí nǹkan mìíràn.

Ó ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àràárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò rọ. Ó fi ń jẹun, ó fi ń di bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n bí ó bá nà án sí kábúrétọ̀, yóò dúró ní àárín ọ̀nà. Nítorí náà, ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ méjèèjì lórí itan. Ó ń gbọ́ gbogbo màṣíìnì tí ń kọjá: èyí tí ó jẹ àjẹkì, èyí tí ebi ń pa.

Ọ̀dọ̀ James ni gbogbo wọn ń gbé e lọ báyìí. James kò sì ní etí. Ọ̀gá wọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ní ọ̀sán kan, James ti màṣíìnì oníbàárà kan kọjá títì. Sàlẹ́ńsà tuntun ni ó wà lára rẹ̀. Ó dúró níwájú bẹ́ǹṣì náà.

"Okun, Oyè."

Oyèbánjí wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan.

James tan iná. Kò wo kábúrétọ̀. Ojú Oyèbánjí ni ó ń wò. Ó fi sùkúrùdíráfà yí súkúrù sí òsì. Igun ẹnu Oyèbánjí fà pọ̀. Ó dá a padà sí ọ̀tún. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n. Ó yí i díẹ̀ sí i.

Oyèbánjí mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó di eyín pọ̀. Ó dijú. Ó fẹ́ kí ojú òun le bí igi kí ó má sọ nǹkan kan fún ọkùnrin náà. Ohùn ẹ́ńjìnnì ń sún mọ́ ibi tí ó yẹ kí ó wà, ó ń sún mọ́ ọn, kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Ohùn náà balẹ̀. Ojú rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

James pa iná. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó sì nà án sí i kí ó wò ó. Ó pọ́n bíi kọfí yíyan. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì tí ó pè é ní àlàáfíà, bí ọ̀gá wọn ti máa ń pè é.

"N ó gbé òmíràn wá lọ́la," ni James wí.